Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ọ̀nà Òkìtì

Ọjọ́ kẹfà tí ọkọ mi ti ń dá dúró ní ìwọdò, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ la odò kọjá, ni ìkùukùu gbé e lọ. Àwọn tó wà lórí odi fojú ara wọn rí i. Wọ́n ní kò jáde láti ojú omi bí ìkùukùu àárọ̀ ṣe máa ń jáde, orí Òkìtì, ilé àwọn iwin, ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó máa fi ká, asà Fáelán ọkọ mi nìkan ló kù létí omi.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ní ibi tó máa ń gbé lára èèyàn. Tèmi, abẹ́ igbáàyà ló wà, ó rọ̀ mọ́ ibẹ̀, kò jẹ́ kí n mí dáadáa.

Ọba Lugna ti kó ogun rẹ̀ dé òdìkejì odò. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, wọ́n ti kó màlúù wa, ọba wa sì ti kú. Fáelán nìkan ló dá wọn dúró. Bí akọni kan bá dúró ní ìwọdò tó sì pe ogun níjà, ogun ò gbọdọ̀ kọjá. Àfi kí wọ́n máa rán akọni sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa pa á. Ọjọ́ márùn-ún ni Fáelán fi pa èèyàn márùn-ún. Ẹni karùn-ún ni ẹni tí wọ́n jọ tọ́ pẹ̀lú Lugna nílé alágbàtọ́ kan náà, nítorí rẹ̀ sì ni Lugna ṣe ní kí ogun sinmi títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kí òun lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìwo á dún. Tí kò bá sí ẹnì kankan nínú omi nígbà náà, wọ́n á rọ́ wọlé bá wa.

Cathbarr, àbúrò ọba tó kú, ló di olórí wa. Ó pe ìpàdé sínú gbọ̀ngàn, àwọn jagunjagun tó kù sì jókòó yí iná ká. Ẹnì kan kí i bí wọ́n ṣe máa ń kí i, "Akọ Màlúù Funfun, ọmọ a-kó-ẹran-ọ̀tá-lọ́sàn-án-gangan!" Ohùn olúwarẹ̀ ń gbọ̀n. Cathbarr ò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa," ó wí. "Fáelán ti lọ. Ta ló máa dúró síbẹ̀?"

Àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń yọ idà síra wọn níbi àsè, pé àwọn ni ìpín akọni nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tọ́ sí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn.

"Ẹ lọ mú un wá padà," mo wí láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Níbo? Nínú Òkìtì?" Cathbarr rẹ́rìn-ín tí kò dé inú. "Rónait, mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Lọ jókòó. Ẹni tí àwọn ará Òkìtì bá mú, ìyàwó rẹ̀ a máa fẹ́ ẹlòmíràn ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú Cathbarr pọ́n. "Obìnrin yìí, ẹnu ẹ á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Kò lè ju ọ̀sán ọ̀túnla lọ, Balógun. Lugna á ti bá yín ṣe é."

Bróccán, adájọ́ wa, ló fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó ti darúgbó débi pé etí kan ṣoṣo ló fi ń gbọ́ràn, ó sì ní láti yí orí sí ẹni tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó yí i sí mi.

"Ọmọ mi, bí ẹni tó jù ẹ́ lọ bá gba nǹkan rẹ, tó ò sì lágbára láti bá a jà, kí lo máa ń ṣe?"

"Màá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Bàbá, mi ò sì ní jẹun."

"Bó bá wá jẹun nígbà tí ebi ń pa ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti tẹ́ nìyẹn. Yóò san ohun tó gbà ní ìlọ́po méjì."

"Ó dáa. Ṣé Òkìtì lẹ́nu ọ̀nà àbí kò ní?"

Cathbarr ní, "Bàbá, àwọn yẹn kì í ṣe èèyàn."

"Aládùúgbò wa ni wọ́n," Bróccán dá a lóhùn. "Òfin tó kan àwa, ó kan àwọn náà. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó láyà láti lọ sọ fún wọn."

Mo fẹ́ kó sọ pé òun máa bá mi lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sìn mí dé ẹnubodè, ó wá fẹnu sí mi létí. "Wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá ẹ. Bó o bá fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn, ẹjọ́ rẹ ti kú. Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ sọ níwájú wọn. Bí Baálé Òkìtì bá ní òun náà ò ní jẹun, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà nínú ààwẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹun ló sì jẹ̀bi. Àwọn yẹn lè pa ebi mọ́ra fún ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Kí wá ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Kó o máa bẹ̀bẹ̀ pé kó má rántí."

Mo búra níbẹ̀ kí n má baà lè padà. Mo ní kí ojú ọ̀run já lù mí, kí òkun bò mí, kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, bí mo bá fi oúnjẹ kan ẹnu kí wọ́n tó dá ọkọ mi padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àárín odi wa àti odò ni Òkìtì wà. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó láti òkèèrè, mi ò sì sún mọ́ ọn rí. Òkúta gíga méjì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìkẹta dùbúlẹ̀ lórí wọn, òkùnkùn sì wà láàárín. Níwájú ibẹ̀ ni òkúta pẹrẹsẹ kan wà tí àárín rẹ̀ jin kòtò. Inú kòtò yẹn ni gbogbo darandaran máa ń da wàrà àkọ́fún sí bí màlúù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí àwọn tó ń gbé inú ibẹ̀ má baà mú ọmọ màlúù náà lọ. Àwa ń ṣe é, àwọn ọ̀tá wa náà ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń dí ẹni tó gbé wàrà bọ̀ lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ogun.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà. "Baálé Òkìtì," mo pariwo, "èmi Rónait ọmọ Lassar ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ gbé ọkọ mi lọ, ẹ ò sì bi mí. Mi ò ní jẹun títí ẹ ó fi dá a padà."

Òkùnkùn yẹn gbé ohùn mi mì. Gbogbo ẹyẹ tó ń ké nítòsí dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn mi. Ìyá mi ti kú láti ọdún méje. "Rónait mi, wá gba ọkà bálì yìí, ó ṣì gbóná. Mo fi bọ́tà sí i. Jọ̀wọ́, ọmọ mi." Òórùn bọ́tà náà wọ imú mi, itọ́ sì kún mi lẹ́nu. Ohun tó gbà mí ni pé ìyá mi ò bẹ èèyàn jẹun rí láyé rẹ̀. Bó o bá pẹ́ dé ìdí àwo, ó ti fún ajá jẹ. Mi ò wẹ̀yìn. Ohùn náà bẹ̀ mí títí, ó wá dákẹ́, ohun kan tó tutù sì fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn ọrùn bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ẹran ti tó pa. Mo tọ̀ sára. Mò ń sọ ọ́ torí pé òótọ́ ni.

Mi ò ní sọ bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ mi. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ pọ̀. Mo kàn ń ronú nípa Fáelán, ọkùnrin tí kì í kí èèyàn kó tó béèrè oúnjẹ. Ojoojúmọ́ tó bá ti ìwọdò dé, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ á sì jẹ́, "Rónait, ebi ń pa mí." Nígbà tá a pàdé níbi ọjà ìkórè, ohun tó fi tọrọ mi náà nìyẹn. Ó ní, "Bó o bá lè yó mi, mi ò ní lọ mọ́." Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Màá ti lù ú ká ní mo mọ̀ pé bí màá ṣe máa rántí rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì yẹn kan náà, nígbà tí oòrùn ti ń yí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn gidi. Àwọn ọmọ ogun Lugna méjì ló ń gòkè bọ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan sanra, èyí tó sanra gbé igbá onígi dání. Eérú tí mo fi kun ojú nítorí ààwẹ̀ náà àti aṣọ mi tó ti dọ̀tí ò jẹ́ kí wọ́n tètè rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

"Dà á ká máa lọ," èyí tó ga wí.

"Ká kúkú mu ún. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn tó wà nínú ibẹ̀ á mọ̀. Ìwọ lo máa ṣàlàyé fún Lugna tí ọmọ màlúù yẹn bá kú láàárọ̀ ọ̀la?"

"Màlúù olè ni. Àwọn tá a jí i lọ́wọ́ wọn ló yẹ kí wọ́n wá dà á."

"Lọ pè wọ́n wá, ṣebí wọ́n wà nínú odi lọ́hùn-ún."

Ìgbà yẹn ni èyí tó sanra rí mi. Igbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ọ̀kan rèé! Ó jókòó!"

"Kúnlẹ̀, òmùgọ̀!" Èyí tó ga ti wà nílẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Wàrà yín rèé, gbogbo rẹ̀ ló pé. A ò mu níbẹ̀."

"Ó mu díẹ̀ níbẹ̀ o," èkejì wí.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìyàwó Fáelán ni mí, wọ́n á fi okùn fà mí dé ọ̀dọ̀ Lugna. Mi ò lanu. Mo kàn nàka sí kòtò náà, ìka mi ń gbọ̀n, wọ́n sì rò pé ìbínú ni. Wọ́n da wàrà náà síbẹ̀, ó nípọn, ó pọ́n bí pupa ẹyin, ó kún kòtò náà dé etí, èéfín rẹ̀ sì ń gòkè. Wọ́n sá lọ. Mo ki etí aṣọ bọ ẹnu mi, mo sì di ojú nítorí pé bí mo bá ń wo wàrà yẹn, màá dorí kodò sínú rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi lajú, kòtò náà ti gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀rù tó bà mí ò jẹ́ kí n ro ohunkóhun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, Baálé Òkìtì jáde. Ó rẹwà, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n koríko tó tẹ̀ ò wólẹ̀. Ó jókòó síwájú mi bí ẹni wá kí ìbátan rẹ̀.

"Ìwọ ni Rónait. Mo gbọ́ ẹ̀sùn rẹ, ó sì dùn mí dọ́kàn. Nítorí náà, láti ìgbà tó o ti jókòó síbí, èmi náà ò jẹun."

Ohun tí Bróccán bẹ̀rù gan-an nìyí.

"Ká máa wo ara wa nígbà náà," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo máa ń ní sùúrù. Obìnrin kan jókòó síbi tó o wà yìí nígbà tí ìyá ìyá rẹ ṣì ń rá kòrò. Eyín rẹ̀ ṣì wà nínú koríko yẹn, bó o bá wá a dáadáa."

Mo fẹ́ sunkún, mi ò lómi tí mo máa fi sun ún. Láti ilẹ̀ ni mo ti gbójú sókè kí n lè bẹ̀ ẹ́. Oòrùn kọlu ojú rẹ̀, mo sì rí ohun kan lára irunmú rẹ̀. Ó pọ́n, ó ti gbẹ, bí èyí tó máa ń wà lẹ́nu ọmọdé tó mu wàrà tí kò nu ẹnu.

"Bàbá," mo wí, ohùn mi ò ju ti ẹyẹ lọ, "kí ló wà lẹ́nu yín?"

Ó fi ìka kàn án, ó wo ìka náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú rẹ̀ jọ ojú èèyàn.

"Ẹ̀tọ́ wa ni," ó wí. "Wàrà kì í ṣe oúnjẹ."

"Ẹ bi ọmọ màlúù bóyá kì í ṣe oúnjẹ. Lánàá ni wọ́n dà á, lójú mi, ebi sì ń pa mí lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ jẹun lórí ààwẹ̀ mi. Ẹ ti jẹ̀bi."

Ilẹ̀ abẹ́ mi gbọ̀n, òkúta orí ẹnu ọ̀nà dún kẹ̀kẹ̀, mo sì rò pé ó ti tán fún mi. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Ìlọ́po méjì. Ṣé ohun tí òfin yín wí nìyẹn?"

"Ohun tó wí nìyẹn."

"Rántí pé ìwọ lo béèrè."

Ó wọlé. Kò pẹ́ tí Fáelán fi jáde nínú òkùnkùn náà, ó ń tiro, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ kẹfà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọgbẹ́ sì wà ní itan rẹ̀. Mo ti dìde láti dì mọ́ ọn kí n tó rí i pé Fáelán tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aṣọ kan náà, ọgbẹ́ kan náà, irùngbọ̀n kan náà.

"Rónait, ebi ń pa mí," ti apá òsì wí.

"Rónait, ebi ń pa mí," ti apá ọ̀tún wí.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó sọ fún mi níbi ọjà ìkórè. Wọ́n la ẹnu pọ̀, wọ́n sọ ọ́ pọ̀, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo fẹ́ sá lọ. Ibi tí mo máa sá gbà ni mi ò mọ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni ìwo Lugna dún.

Cathbarr àti Bróccán ti wà létí odò. Nígbà tí wọ́n rí àwa mẹ́ta tá à ń bọ̀, Cathbarr fa idà yọ, ó sì tún dá a padà.

"Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ dúró nínú omi," Bróccán wí. "Bí wọ́n bá di méjì, òfin ìwọdò ti bàjẹ́."

"Ẹnì kan náà ló máa dúró." Orí Cathbarr ti ń ṣiṣẹ́. "Èkejì á fara pamọ́ sáàárín igi etídò yìí. Bí wọ́n bá pa èyí tó wà nínú omi, òkú náà á jáde wá bá wọn. Mo fẹ́ rí ẹni tó máa dúró wò ó." Ó yíjú sí mi. "Èwo ló máa kọ́kọ́ lọ?"

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ìwọ lo gbà wọ́n. Tìẹ ni wọ́n. Yára!"

Gbogbo wa mọ ohun tó ń bi mí. Ẹsẹ̀ ń dun ọkùnrin náà, kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ omi yẹn ò ní jáde. Mo wá rántí ohun tí gbogbo ọmọdé ilẹ̀ wa mọ̀, pé àwọn ará Òkìtì ò lè fara kan irin. Òun la ṣe ń fi ìṣó kọ́ sórí ibùsùn ọmọ tuntun. Mo gba ọ̀kọ̀ onírin lọ́wọ́ Cathbarr, ọ̀kọ̀ tí irin rẹ̀ gùn dé ìdajì igi, mo fi fún ti apá ọ̀tún. Ó dì í mú níbi irin, ó ń wò mí. Mo gbà á, mo fi fún ti apá òsì. Nígbà tí irin náà kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì yára tú ọwọ́.

"Èyí," mo wí. Mo nàka sí i. "Èyí ni kó lọ."

Ó wò mí díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Fi oúnjẹ pamọ́ dè mí," ó wí, ó fi ahọ́n pọ́n ètè lá, ó sì tún ọ̀kọ̀ náà gbà, ó fi ìka di igi rẹ̀ mú, ó wọ omi lọ.

Ìjà náà ò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń so okùn bàtà. Òmìrán kan ni Lugna rán. Fáelán gún un ní èjìká, ó gún Fáelán ní ọrùn, omi sì pọ́n. Àwọn ọmọ ogun òdìkejì hó yèè. Ìgbà yẹn ni èkejì jáde láàárín igi, ó ń tiro, ojú kan náà, ọgbẹ́ kan náà, ó kọjá lára òkú ara rẹ̀, ó sì gba ọ̀kọ̀ náà nínú omi. Ariwo wọn já lẹ́nu wọn. Òmìrán náà ló kọ́kọ́ sá, Lugna tẹ̀ lé e, wọ́n fi àgọ́, asà àti gbogbo màlúù wa sílẹ̀.

Àwọn èèyàn wa ń jó. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òkú náà, mi ò mọ ìdí rẹ̀, bóyá nítorí pé ó ní kí n fi oúnjẹ pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ di pọ̀. Mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó lé ròrò, ẹran pupa ló hàn níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́fà di ọ̀kọ̀ mú láìsinmi. Kò sí ohun tó lè kan ọwọ́ yẹn tí kò ní gbọ̀n.

Mo gbé ojú sókè wo èyí tó dúró nínú omi. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ rí, ó la ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Ó dán bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

Wọ́n gbé wa lọ sílé pẹ̀lú orin. Àwọn obìnrin ti se ọkà bálì sínú ìkòkò mi, wọ́n ti da bọ́tà lé e, wọ́n sì fi àwa méjèèjì sílẹ̀ kí tọkọtaya lè sinmi. Mo bu sínú àwo, mo gbé ṣíbí. Òun ò wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi níta.

"Wọlé wá jẹun," mo wí. Mo bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ ojú Fáelán ló ní.

"Rárá."

"Ebi ò pa ẹ́?"

"Ebi ń pa mí, Rónait. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹun."

Ṣíbí dúró lójú ọ̀nà ẹnu mi. Kò sí ẹni tó yẹ kó tètè yé tó èmi. "Kí ni mo gbà tó jẹ́ tìẹ?" mo béèrè.

"Èmi fúnra mi. Mo nílé. Mo níyàwó, o ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ìkùukùu. Wọ́n fi mí san ìtanràn ohun tí mi ò mu."

"Irin yẹn ńkọ́? O dì í mú."

"Irin ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ ò mọ̀, bí ìyẹn bá lè tù ẹ́ nínú. Nígbà tó o nàka sí i, ó rò pé o fi iyì náà fún òun ni."

Kò tù mí nínú.

Cathbarr ló dé, ọtí ti wà lójú rẹ̀. Ó wo ẹni tó jókòó, ó wo àwo mi, ó sì yé e. "Má dá a lóhùn. Jẹun, Rónait! Bí ẹni yìí bá wà pẹ̀lú wa, kò sí ọba tó máa tún dé ìwọdò yẹn láyé ọmọ wa. Ìwọ náà á sì rí ojú ọkọ rẹ láràárọ̀. Kí lo tún ń fẹ́?"

Mo fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Mo wo irùngbọ̀n yẹn, mo wo ètè yẹn, mo sì rí bí màá ṣe lè jẹ ọkà yẹn tán, kí n sùn, kí n jí, kí n máa pè é ní Fáelán títí yóò fi di Fáelán lójú mi. Ṣíbí kan péré ni. Ẹ̀rù tó wà lábẹ́ igbáàyà mi yí padà, ó di ẹ̀rù ara mi.

"Bí mo bá jẹun tí ebi ń pa á lẹ́nu ọ̀nà mi, Balógun, kí ló kù tó fi yà mí sọ́tọ̀ sí ẹni tí mo lọ bá jà?"

"Òun pàdánù, ìwọ lo borí."

"Mo mọ̀," mo wí. Mo gbé àwo sílẹ̀.

Mo gba ibi tí wọ́n so màlúù wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sí, mo fún wàrà rẹ̀ sínú igbá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó dán yẹn mú, a sì kọjá láàárín àwọn èèyàn wa lójú ọ̀sán gbangba. Cathbarr ń pariwo lẹ́yìn wa, Bróccán nìkan ló ṣí ẹnubodè. Ní Òkìtì, mo da wàrà náà sínú kòtò. Ó kúnlẹ̀, ó mu ún bí ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́, ó nu ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó sì wọlé. Mo gbọ́ obìnrin kan tó rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún.

Mo padà sílé, mo jẹ ọkà tó ti tutù yẹn tán. Ìgbà yẹn ni mo tó lè sunkún ọkọ mi.